Orúkọ Tí Mo Jẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje, oṣù kẹfà

Ìwé mi, má bínú sí ìkọ̀wé mi. Ó rí játijàti bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo dé kí ilé tó ní ó tó gẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè jáde lẹ́nu mi, ká má tíì sọ pé kó gba ọwọ́ jáde. Tí mo bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan, mo ní láti kọ́kọ́ pè é sínú kí n tó mọ ibi tí bírò máa gbà. Fara balẹ̀ fún mi.

Ọkọ mi ló rà ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló pé lónìí tí mo dé ilé rẹ̀, mi ò sì tíì lè wo ojú rẹ̀ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi tán. Lánàá ó béèrè bóyá inú mi dùn níbí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa etí aṣọ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, ohun tí o ò bá lè fi ẹnu sọ fún mi, kọ ọ́ sílẹ̀. Tá a bá darúgbó, wàá kà á sí mi létí." Mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ẹ gbọ́" ni mo máa ń sọ. Bí ẹni méjì bá dáhùn pọ̀, mo ti di odi nìyẹn.

Inú mi dùn níbí. Mo ti kọ ọ́.

Ilé alágbàfọ̀ ni mo fẹ́ sí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ńlá là ń fọ̀. Ìyá wa, ìyá ọkọ mi, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni pé omi tútù là ń fi lé ẹ̀jẹ̀, omi gbígbóná là ń fi lé ìdọ̀tí. "Tó o bá da omi gbígbóná lé ẹ̀jẹ̀ lórí, ìyàwó mi, ó ti di ọmọ onílé nìyẹn. Kò ní kó jáde mọ́."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Òjò láti ìdájí. Aṣọ ò gbẹ. A ta okùn káàkiri pálọ̀, a wá ń tẹrí ba rìn nínú ilé bí olè. Èédú tún ti gbówó lórí, áyọ́ọ̀nù wa kò sì mọ̀ pé èédú wọ́n.

Etí aṣọ kọ̀ọ̀kan ní òwú tí a fi ń mọ wọ́ọ̀dù tó ti wá. Pupa ni ti àwọn ìyá ọlọ́mọ, dúdú ni ti ọkùnrin. Àwọ̀ ewé ni ti wọ́ọ̀dù àrùn tuntun yìí. Nígbà tí mo dé, ìdì mẹ́rin ni aláwọ̀ ewé. Mọ́kànlá ni lónìí. Ìyá wa wò wọ́n, ó tún ọ̀já rẹ̀ dì.

Ọkọ mi gbé ìdì méjì láti ẹnu géètì, ó ní láti dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Ikọ́ fée ń bá a jà láti kékeré, tó bá rẹ̀ ẹ́, àyà rẹ̀ á máa súfèé. Ìyá wa á ní, "Ẹyẹ rẹ ti ń kọrin." Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn lábẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ilé ìwé, pé òun á lọ gbà á, nítorí irú àyà tòun ni àrùn náà ń wá kiri.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Káfíńtà òdìkejì títì kú láàárọ̀ àná. Ọjọ́ Ajé ló gba abẹ́rẹ́, òun lẹni àkọ́kọ́ ládùúgbò. Ṣe ló ká apá ẹ̀wù sókè tó ń fi han gbogbo ayé. Ó ní, "Ẹ wá wò ó, kò tó ìṣó!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta péré.

Ní ìdí ẹ̀rọ omi, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Abẹ́rẹ́ ló pa á.

Mo lọ kí ìyàwó rẹ̀. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé, bóyá nítorí ó mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ òun ti ń wúkọ́ fún ọjọ́ márùn-ún kó tó lọ gba abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ń gbóná bí ààrò, ó wá lo oògùn kí ara lè tutù kí wọ́n má baà dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò pé abẹ́rẹ́ á wo ikọ́ náà sàn ni. "Àìsàn ọ̀hún ti wà lára rẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Wọ́n á ní òun ló kó o wọ àdúgbò."

Mo ní mi ò ní sọ. Ìwé mi, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Àìkú, ogúnjọ́

Ohùn ọkùnrin kan wà nínú fóònù Ìyá wa. Ó ní dókítà lòun. Ohùn náà nípọn, ó sì ń ṣe pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń rọ ọmọ lóúnjẹ. Ó ní abẹ́rẹ́ yìí ń gbẹ omi ara ọkùnrin, pé ọkùnrin tó bá gbà á kò ní bímọ láéláé. Ìyá wa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe ń lọṣọ.

Ọkọ mi ní, "Ìyá mi, ta ni bàbá yìí? Níbo ló ń gbé?"

"Ibi tó wù ú ni kó máa gbé! Ṣé ilé lo fẹ́ yá lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

"Mo kàn ń béèrè bóyá ẹnì kan mọ̀ ọ́n."

"Káfíńtà ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n? Àbí tìyẹn náà, inú fóònù ló kú sí?"

Mo ń ká aṣọ. Ọ̀rọ̀ ìyàwó káfíńtà dé ọ̀fun mi, ó sì padà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn. Tó bá ti di oṣù keje, ẹni tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ kò lè wọlé wá kó aṣọ. Ìyá wa ní kí wọ́n máa kó o wá sẹ́nu géètì fún wa. Wọ́n ní àwọn ò ní òṣìṣẹ́ tó máa gbé e, pé alágbàfọ̀ mìíràn ti ń béèrè iṣẹ́ náà.

Ọkọ mi ní, "Ó parí. Lọ́la ni mo máa lọ."

Ìyá wa fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ. Òórùn jíjó gba ilé kan. Wọ́n ní láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò jó aṣọ kankan rí.

"Ọmọ mẹ́ta ni mo bí," ó ní. "Èyí tó tẹ̀ lé ọ, ibà lásán ló ṣe é. Mo gbé e lọ, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ó sùn sí mi lẹ́yìn. Mo ń rìn bọ̀ wálé, mo ń kọrin fún un. Ìgbà tí mo sọ̀ ọ́ ni mo mọ̀ pé òkú ni mo ti ń kọrin fún. Èyí àbíkẹ́yìn kò tilẹ̀ dúró gba orúkọ. Ìwọ nìkan ló kù tó ń pè mí ní ìyá. Tó o bá fẹ́ lọ, gba orí mi kọjá."

Ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ di ọ̀nà. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ọkọ mi kò lè gba orí ìyá rẹ̀ kọjá. Ta ló lè ṣe é?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìyá wa pè mí sẹ́yìnkùlé. Ó fà mí mọ́ra bí ọmọ tó bí.

"Ìyàwó mi, nǹkan oṣù rẹ ń wá déédéé?"

Mo wolẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó káre. Wò ó, ọkùnrin kò ní ọ̀nà tí nǹkan burúkú fi ń jáde lára rẹ̀. Tó bá ti wọlé, ó wọlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa obìnrin, omi tútù wà lára wa. Kí oṣù tó parí, ẹ̀jẹ̀ á ti fọ̀ ọ́ dànù. Orúkọ ọkọ rẹ, ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin ń jẹ́ ẹ. Ìbòmú á bo ojú rẹ. Lọ bá a gbà á, kí o mú káàdì wá fún un."

Kò fi ìkà sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ìwọ ìwé mọ ìyẹn. Ojú omijé ló fi sọ ọ́.

Ìtìjú bá ọkọ mi débi pé kò lè jẹun. Nínú yàrá, ó ní, "Má ṣe é tó ò bá fẹ́." Mo ní mo fẹ́. Òótọ́ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbà á, kò kàn sẹ́ni tó bi mí. Ó ronú títí, ó wá sọ sí mi létí pé, "Jẹ́ kí ara ìyá mi balẹ̀ díẹ̀. Tó bá tó oṣù kan, màá yọ́ lọ gba tèmi ní orúkọ tìrẹ. Ìyẹn náà, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ ẹ. A ó kàn ṣe pàṣípààrọ̀ ni." A rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí kí Ìyá wa má baà gbọ́. Mo rò pé a gbọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ti gbà á.

Àga ọmọ ilé ìwé ni wọ́n tò, orúnkún gbogbo wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. A ò ju mẹ́sàn-án lọ nínú gbọ̀ngàn tó lè gba igba èèyàn. Nọ́ọ̀sì kan tó wọ gíláàsì, okùn tín-ínrín lẹ́yìn rẹ̀, ló ń pe orúkọ. Ó pe orúkọ ọkọ mi. Ẹnikẹ́ni ò dìde. Ó tún un pè, ìgbà yẹn ni mo rántí pé èmi ni.

"Ṣé o ò gbọ́ orúkọ ara rẹ ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

Mo sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó gbójú sókè wò mí. "Irú ọṣẹ wo lo fi ń wẹ̀? Wá ra tèmi fún mi." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Nínú ìwé ńlá iwájú rẹ̀ ló kọ obìnrin sí, kò sí ààyè fún ìyẹn lórí káàdì. Abẹ́rẹ́ náà kò tó ìṣó lóòótọ́.

Mo fi káàdì sí àyà mi dé ilé. Mo kà á lójú ọ̀nà. Orúkọ tí ẹnu mi kò lè pè, mo ti jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ara gbígbóná, apá wúwo bí aṣọ tí a kò fún. Ọkọ mi fi aṣọ tútù sí mi níwájú orí. Ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ pè mí: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé ara mi ti ń balẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín títí apá fi dùn mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Káàdì ṣiṣẹ́. Onígéètì wò ó, ó kí ọkọ mi bí ẹni ńlá. Ó wọlé, ó kó ìdì mẹ́tàdínlógún jáde, mẹ́wàá nínú rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó aṣọ sí. Báyìí wọ́n ní ẹni tó ní káàdì lè wọ inú wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ lọ tú u lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo bi í bó ṣe rí níbẹ̀. Ó ní, "Gbogbo wọn ń mí bí ẹni tó ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lórí ìdùbúlẹ̀."

Ọṣẹ ti tún gbówó lórí. Ìyá wa sọ fún aládùúgbò pé ìyàwó òun ní orí ire. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje

Abẹ́rẹ́ kejì. Àwa mẹ́rin péré ni a wà ní gbọ̀ngàn. Nọ́ọ̀sì onígíláàsì ń sùn lórí àga. Ó ní, "Wọ́n ní àwa la pa káfíńtà yín. Wọ́n ń bú wa lójú ọ̀nà." Mo mọ ohun tó pa káfíńtà. Ó wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọkọ mi yọ́ lọ gba tirẹ̀ láàárọ̀. Ó sọ fún Ìyá wa pé òun ń lọ ra èédú. Àgádágodo ló bá lẹ́nu gbọ̀ngàn. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn pé àwọn ti kó abẹ́rẹ́ lọ sí àdúgbò tí èèyàn ti ń fẹ́ ẹ, nítorí kì í pẹ́ bàjẹ́. Ó béèrè àdúgbò wo, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ó ra èédú bọ̀. Ó ní, "Wọ́n á padà wá." Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́jọ tó yẹ kí nǹkan mi ti dé. Aṣọ mi funfun ni. Mi ò tíì sọ fún un. Ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn lọ́nà tí mi ò lè kọ. Tó bá di ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, màá fi ìwé yìí lé e lọ́wọ́ kó kà á fúnra rẹ̀. Ojú ewé yìí nìkan o!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹjọ

Ó wúkọ́ nígbà tó ń gbé ìdì sílẹ̀. Ó ní eruku ni. Òjò ń rọ̀ látàárọ̀, eruku wo?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ní láti kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ibà ọjọ́ mẹ́ta, ẹyẹ inú àyà rẹ̀ kò dákẹ́ mọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbàlá kún, àwọn kan jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí ilé wọn. Dókítà kékeré kan, irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lágbọ̀n rẹ̀, ló ń yan ẹni tó máa wọlé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gba káàdì, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"O ti gba méjèèjì? O káre. Ìwọ nìkan ni mo rí láàárọ̀ yìí. Wò ó, ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló kù. Àwọn mẹ́fà yìí kò gba nǹkan kan, àwọn ló máa le fún. Tìrẹ ò ní le. Lọ sílé, máa mu omi, dojú bolẹ̀ sùn. Tí èémí bá ń kúrú, ẹ padà wá."

Mo ya ẹnu. Ìwé mi, mo ya ẹnu lóòótọ́. Ẹsẹ̀ Ìyá wa gun orí ẹsẹ̀ mi. Ó tutù, ó sì bó nítorí omi ọṣẹ. Mo wo ọkọ mi. Ó mi orí sí mi díẹ̀ báyìí, pé rárá. Ó ń ro iṣẹ́. Ó ń ro pé ọlọ́pàá á gbé ìyá òun, wọ́n á gbé mi. Dókítà ń wo ẹnu mi tó là sílẹ̀, ó ń dúró.

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Obìnrin arúgbó kan ni wọ́n fún ní bẹ́ẹ̀dì náà. Mi ò lè bínú sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ó dojú bolẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Mò ń ka èémí rẹ̀. Ìyá wa ní ó ti ń sàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwa méjèèjì ń purọ́ fún ara wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo sọ fún un. Mo tẹnu mọ́ etí rẹ̀, mo ní aṣọ mi ti funfun láti oṣù tó kọjá. Ó gbọ́. Ó fa ọwọ́ mi sábẹ́ àyà rẹ̀ tó ń súfèé. Ó ní, "Èmi... ni mo lóyún." Orúkọ rẹ̀ tó wà lára mi ló ń rántí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó di ikọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Èékánná rẹ̀ yí padà, ó rí bí aṣọ tí a rẹ sínú búlúù. A gbé e padà. Dókítà kékeré kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì onígíláàsì ni, wọ́n ti gbé e wá sí wọ́ọ̀dù yìí nígbà tí wọ́n ti gbọ̀ngàn pa. Ó wo káàdì, ó wo ọkọ mi, ó wo èmi. Ó yọ gíláàsì, ó tún un wọ̀.

"Ojú yìí. Mo mọ ojú yìí. Ṣé kì í ṣe ìwọ..."

Mo sọ ọ́ nígbà náà. Gbogbo rẹ̀. Pé èmi ni mo jókòó, pé èmi ni mo na apá, pé kò sí abẹ́rẹ́ kankan lára rẹ̀, pé ikọ́ fée ń ṣe é láti kékeré. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ Ìyá wa wà nítòsí, ṣùgbọ́n kò gbé e.

Wọ́n gbé e wọlé wéréwéré, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Nọ́ọ̀sì jáde padà. Kò pariwo. Mi ò mọ̀ bóyá ì bá sàn kó pariwo.

"Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ́kọ́ rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọjọ́ Ajé ló yẹ kó wọlé. Ọmọ yìí, ọjọ́ mẹ́rin."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí n wọlé tọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tó ní káàdì nìkan.

"Káàdì mi ló wà lọ́wọ́ yín, mà."

"Orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀?"

Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, pé lójú ìwé, èmi ni mi ò tíì gba nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ kan apá mi, ibi tó ti gún mi gan-an, ó wọlé lọ.

Lójú ọ̀nà, Ìyá wa ní, "O ti sọ ọ́."

"Mo ti sọ ọ́, Ìyá wa."

A rìn títí. Ó ní, "Mo rò pé mò ń pa á mọ́ ni."

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo lọ pọn omi. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí wọ́n rí mi, lẹ́yìn náà wọn ò dákẹ́ mọ́.

"Ìyàwó, pẹ̀lẹ́ o. A gbọ́ pé ó gba méjèèjì."

"Méjèèjì! Ẹ̀yin èèyàn, kí la wí? Káfíńtà gba ẹyọ kan, ó kú. Èyí gba méjì, ẹ wo ibi tó wà."

"Àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí wọ́n wá. Òkúta ló wà nílé mi."

Mo gbé korobá sílẹ̀. Mo ní, "Kò gbà á. Èmi ni mo gbà á. Káàdì lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀." Wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ẹni tí ìbànújẹ́ ti yí lórí. Ọ̀kan ní, "Ọmọ ọlọ́mọ, ṣé àwọn nọ́ọ̀sì ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?" Òmíràn ní, "Lọ bi ìyá ọkọ rẹ, káàdì ni mo fi ojú mi rí."

Mo mẹ́nu ba káfíńtà. Mo ní àìsàn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó gbé omi rẹ̀ lérí, ó ní, "Irọ́ ni," ó sì lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi náà ti ní ìgbà tí ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, "Ẹ ṣé, sà" ni mo sọ.

Ọkọ mi kò gba abẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò yóò kọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Onígéètì ilé ìwòsàn ló kó aṣọ wá fún wa, ó ní ó lè jẹ́ ìkẹyìn. Ìdì mẹ́rìnlá, gbogbo rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ìyá wa kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ń tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn símú, ó ń wá òórùn ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan lára wọn, òógùn ni. Síbẹ̀ omi tútù ló ń dà lé wọn lórí. Mo fẹ́ rán an létí pé omi gbígbóná ni ti òógùn. Mo jẹ́ kó máa dà á.

Nígbà tí mo bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúróòmù, ó wò mí pẹ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù tó kọjá, Ìyá wa."

"Ẹ̀jẹ̀ kò wá fọ̀ ọ́."

"Kò wá."

Ó jókòó sórí ìdì aṣọ. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó ní, "Bàbá inú fóònù ní ẹni tó bá gbà á kò ní bímọ." Ó mú fóònù náà, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ojú àlejò, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti ń kọ èyí, níwájú ìlẹ̀kùn wọ́ọ̀dù. Àwa ogún ló wà níbí. Ìyá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti ń sùn láìdijú.

Mo ti mọ bí ibí yìí ṣe ń ṣe. Tí ìlẹ̀kùn bá ṣí, nọ́ọ̀sì á pe orúkọ aláìsàn, ará ilé rẹ̀ á dìde. Ẹnikẹ́ni kì í wo ojú nọ́ọ̀sì, nítorí ìbòmú. Ọwọ́ ni gbogbo wa ń wò. Tí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, oògùn ni wọ́n fẹ́ kí a lọ rà. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, bóyá aláìsàn béèrè nǹkan. Tí báàgì dúdú bá wà níbẹ̀, aṣọ àti bàtà aláìsàn ló wà nínú rẹ̀, ó sì tán nìyẹn. Láàárọ̀ yìí, báàgì mẹ́ta, ìwé méjì.

Tí wọ́n bá jẹ́ kí n wọlé, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Màá pe orúkọ rẹ̀. Mo ti ń gbìyànjú rẹ̀ nínú ìbòmú látàárọ̀, kò sẹ́ni tó rí ẹnu mi. Ó dùn lẹ́nu. Mi ò mọ̀ pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Màá pè é, á ṣí ojú, á ní kí ló dé tí mò ń pe ara mi.

Wọ́n ní àwọn abẹ́rẹ́ ti padà dé gbọ̀ngàn. Ẹnikẹ́ni ò lọ. Ìyá wa béèrè láàárọ̀ bóyá wọ́n ṣì lè fún un, bó ti dàgbà tó. Mo ní wọ́n á fún un. Ó ní, "Àná ńkọ́? Ṣé wọ́n lè fi ti àná fún èèyàn?"

Ìlẹ̀kùn ti ṣí. Nọ́ọ̀sì onígíláàsì ni. Ó pe orúkọ kan, ariwo pọ̀, mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò dìde. Ó tún un pè. Ìyá wa di ọwọ́ mi mú, kò sì gbórí sókè. Orúkọ rẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti jẹ́ orúkọ yìí nígbà tí kì í ṣe tèmi, tí mo dìde tí mo na apá, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa dìde nísinsìnyí. Ó ń wò mí. Ó ti mọ̀ pé èmi ni mo máa ń dáhùn. Mi ò tíì wo ọwọ́ rẹ̀, ìwé mi, ojú rẹ̀ ni mò ń wò, mi ò fẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún ti ń pè é, mò ń bọ̀, mà, mò ń bọ̀, jẹ́ kí n kàn